Ọkọ̀ Ẹja Tó Gbé Màámi Relé

Ẹni tó bá rí Ephraim ọkọ mi lọ́jọ́ tó wa ọkọ̀ ẹja yẹn wọ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ kan ni, tí kò ní fèrèsé kankan lẹ́yìn, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Apapa ti fi kó ẹja yìnyín títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Gbogbo ológbò àdúgbò ló tẹ̀lé e wálé.

"Ìyá Efe," ó ní, "Màámi ti rí ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sílé."

Mo ní, "Bàbá Efe, ìyá mi kì í ṣe ẹja."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọdún 1992 ni. Ìyá mi, Àjọkẹ́, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màámi, ti ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀ọ́lẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lẹ́bàá gọ́tà, egungun ìbàdí wọn sì kán. Dókítà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Wọ́n lè dùbúlẹ̀, wọ́n lè jẹun, wọ́n sì lè bú ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó pẹ́ tó kí ènìyàn ka Àdúrà Olúwa tán.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wá ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n dé Ìrágbìjí, ìlú wọn. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, Àǹtí Àwẹ̀ró, ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn mọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ẹni tí wọ́n rán wá sí Èkó nígbà náà kò tètè rí ilé wa. Ìgbà tí Màámi fi máa délé, wọ́n ti sin òkú tán. Àǹtí Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá wa sunkún, kó má bá wa jẹun. Ẹ máa lọ, ẹ má padà wá mọ́." Alágídí ni Màámi. Wọ́n lọ lóòótọ́, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọn kò padà. Ní báyìí tí wọn kò lè dìde mọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní gbogbo ìgbà: "Morádéún, bí mo bá délé, ṣé Àwẹ̀ró á ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Mo máa ń ní wọ́n á ṣí i. Irọ́ ni mò ń pa, nítorí n kò mọ̀.

Kò sí bọ́ọ̀sì tó máa gba èrò tó fẹ́ nà gbọọrọ. A dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sílẹ̀, Màámi ní àwọn ò ní wọ ohun tí òkú ti wọ̀. Ibẹ̀ la wà tí Ephraim fi rí ọkọ̀ òyìnbó. Panẹbítà tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ni ọkọ mi, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, ìdí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Coconut, lọ́nà Apapa, láàárín àwọn tírélà. Ó lọ sí wọ́ọ̀fù lọ́jọ́ kan, ó rí ọkọ̀ kan tó sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi: ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, òyìnbó náà àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀ rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ ẹja ní kó máa gbé e lọ, pé bó bá lè jí i dìde kó di tirẹ̀, ó wakọ̀ náà wálé pẹ̀lú ayọ̀.

Òórùn la kọ́kọ́ bá jà. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, Màámi sì wà lórí ẹní wọn tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí a fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un. Òórùn náà lọ lóòótọ́, àmọ́ kò lọ jìnnà.

Lẹ́yìn náà ni Ephraim gé fèrèsé. Ó yọ gíláàsì lára bọ́ọ̀sì kan tó ti kú ní Coconut, ó gé ara ọkọ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, ó fi gíláàsì sí i, ó dára débi pé àwọn awakọ̀ tírélà ń wá wò ó. Ó ní kí n wọlé wá wò ó. Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ síbi tí Màámi máa dùbúlẹ̀ sí.

"Kí lo rí?" ó bi mí.

"Àwọsánmà," mo ní. "Àwọsánmà nìkan. Ìyá mi á rìn láti Èkó dé Ìrágbìjí láìrí igi kan."

Ó ti gé fèrèsé sí ibi tí ojú ẹni tó wà lóòró máa dé. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wòkè, ó sọ̀rọ̀ kan ní èdè Ùròbò tí n kò ní kọ síbí. Kò bínú, kò sì bá mi jiyàn. Ó dìde, ó mú òòlù, ó gé fèrèsé kékeré mìíràn sísàlẹ̀, tí kò ju àwo oúnjẹ lọ, ní déédéé ibi tí orí Màámi máa wà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bú u, àmọ́ mo mọ ohun tí mo ní.

Friday ló kan ibùsùn. Aládùúgbò wa ni, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Snake Island. Ó mú okùn wá, ó ń wọn Màámi láti orí dé ẹsẹ̀. Màámi la ojú sí i.

"Friday, ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?"

"Mama, na boat I dey measure," Friday dáhùn. "Person wey enter boat dey go, e dey come back."

Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kó wọ̀n wọ́n tán. Pákó àpótí ẹrù láti wọ́ọ̀fù ló lò. Ó gbé pákó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ ojú omi, kí kòtò ojú ọ̀nà má baà yí Màámi ṣubú. Ó ṣe àpótí fún ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì omi sábẹ́ rẹ̀, ó sì kan bẹ́ńṣì fún Efe àti Ṣayọ̀ àwọn ọmọ wa, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ á di ibùsùn. Ephraim wá fi irin yí sítóòfù ká kí ìkòkò má lè yọ̀. Harriet aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, rán kọ́tìnnì funfun sí gbogbo fèrèsé. Ọ̀dà funfun ló kù nílẹ̀ ní ìdí iṣẹ́, òun náà la fi kun ọkọ̀. Kò sí ẹni tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa nínú wọn. Wọ́n ní ẹ̀kọ Màámi tí àwọn ti jẹ láti ọjọ́ yìí wá ti tó. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, nítorí náà mo dúpẹ́ títí wọ́n fi ní kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni ọkọ̀ parí. Ẹ mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí, tí gbogbo ìjọ á mú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, tí wọ́n á máa kọrin Hòsánnà yí àdúgbò ká. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa, pásítọ̀ dúró, ó gbàdúrà sórí ọkọ̀. Àwọn ìyá ìjọ sì so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn níwájú, wọ́n fi há ara dígí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Inú mi dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé Màámi wọlé, a fi ẹsẹ̀ sí ọ̀nà. A kò ránṣẹ́ sílé ṣáájú. Màámi ló kọ̀, wọ́n ní Àwẹ̀ró kò gbọdọ̀ rí àyè tilẹ̀kùn.

Ìrìn àjò náà dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Màámi fi ojú sí fèrèsé kékeré wọn, wọ́n ń ka igi, wọ́n ń ka màlúù. Ìwà ọmọlúàbí tí àwọn ènìyàn hù sí wa lójú ọ̀nà ló yà mí lẹ́nu jù. Ọlọ́pàá tó dá wa dúró lẹ́yìn Ìbàdàn wo iwájú ọkọ̀, ó ṣí fìlà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá ni àbí ìyá?"

"Ìyá mi ni," mo ní.

"Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ rọra máa lọ."

Mo ṣe àmín. Bó ṣe rí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró nìyẹn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àdúrà ìjọ wa mà lágbára. Àwọn oníbúrẹ́dì nìkan ni mi ò lóye wọn: bí wọ́n bá sáré bọ̀, tí wọ́n rí wa dáadáa, wọ́n á padà sẹ́yìn. Ebi wá ń pa àwọn ọmọ. A dúró ní ìta Ọ̀ṣogbo, mo tan sítóòfù, mo se ìrẹsì, gbogbo wa ń jẹ, a ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀ ń jẹun?" ó bi wá.

"Bàbá, ẹ wá bá wa jẹ," Ephraim ní.

Bàbá náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn mọ́.

Ìgbà tí a wọ Ìrágbìjí ni ohun tí a ti ṣe yé mi. Obìnrin kan tó ń pọn omi rí wa, ó fi garawa sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ẹlòmíràn rí Ephraim tó ń béèrè agbo ilé Màámi, ó bú sẹ́kún. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, èrò ti ń sá tẹ̀lé wa, tí wọ́n ń ké pé Àjọkẹ́ ti lọ. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo wo imọ̀ ọ̀pẹ tó ń fì níwájú ọkọ̀, mo wo ọ̀dà funfun, mo wo kọ́tìnnì Harriet. Ọkọ̀ tó bá gbé òkú relé ni wọ́n ń so imọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ wa, kí gbogbo ọ̀nà lè mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, ayọ̀ Hòsánnà ló gbé e kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú Màámi. Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kí n kígbe pé kò sí òkú níbí. Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn Àǹtí Àwẹ̀ró. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Dákẹ́," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n gbọ́."

Àǹtí Àwẹ̀ró ti fara lé ara ọkọ̀ náà. Irin tín-ín-rín lásán ló wà láàárín wọn.

"Àjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ń sunkún, "èmi ni mo ní kí ẹ má wá mọ́. Ìbínú ni. Ṣé bí mo ṣe wí i náà ni ẹ ṣe gbà á? Mò ń gbá yàrá yín. Mò ń pààrọ̀ omi inú ìkòkò yín. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀, màá jáde wò ó, màá ní bóyá ẹ̀yin ni. Ta ni kí n wá bẹ̀ báyìí? Ta ni màá kúnlẹ̀ fún?"

Omijé ń ṣàn lójú Màámi, ó ń wọ inú etí wọn, nítorí pé wọ́n dùbúlẹ̀. Èmi náà ń sunkún. N kò tíì rí ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹkún òkú rẹ̀ rí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àṣìṣe wa. Màámi jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ká kọ́tìnnì fèrèsé kékeré náà.

"Àwẹ̀ró," wọ́n ní, "ó tó. Wá ṣílẹ̀kùn fún mi."

Èrò tú ká. Àwọn ọkùnrin tí ń sunkún jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sá. Ẹnì kan já sínú gọ́tà, ẹlòmíràn fi bàtà sílẹ̀. Àǹtí Àwẹ̀ró nìkan ni kò sá. Wọ́n wo ojú tó wà ní fèrèsé náà, wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá dìde, èmi àti Ephraim ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí.

"Ẹ̀yin ará Èkó, ta ló ní kí ẹ so imọ̀ mọ́ ọkọ̀ tó gbé alààyè?"

"Ẹ má bínú, mà," Ephraim ní, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìjọ ló so ó. Palm Sunday ni."

Àǹtí Àwẹ̀ró ti kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ pákó Friday kọjá, wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn lórí ibùsùn tóóró yẹn. A kò gbé Màámi wọlé títí oòrùn fi wọ̀, torí pé àwọn méjèèjì kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Màámi kò bá wa padà sí Ajégúnlẹ̀. Yàrá wọn wà nílẹ̀, ó mọ́, Àǹtí Àwẹ̀ró sì ń tọ́jú wọn bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n jọ jà, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ bú èmi àti ọkọ mi nígbàkígbà tí a bá wá kí wọn. Ó pẹ́ dáadáa kí Màámi tó lọ, ojú oorun ni wọ́n sì gbà lọ. Nígbà tí a dé, gbogbo ilé ń ké. Àǹtí Àwẹ̀ró nìkan ló jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ojú wọn gbẹ, ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Mo rò pé wọ́n ń fi ẹkún pamọ́ nítorí tiwa. Mo ní bóyá kí n kó àwọn ènìyàn jáde, kí wọ́n lè sunkún wọn.

Wọ́n mi orí.

"Mo ti sun ún tán, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀."