Àtẹ̀gùn Ilé Thwaite

Ẹni tó bá ń wá ilé tó mọ̀ pé òun lẹ́wà, kó lọ wo ilé ìkó-aṣọ-sí Thwaite ní Bradford. Oníṣòwò aṣọ onírun àgùntàn tó kọ́ ọ láyé Ọbabìnrin Fikitóríà kò ṣahun rárá. Ó gbẹ́ orí àgùntàn sókè fèrèsé, ó gbẹ́ òdòdó sára òpó, ó sì ṣe àtẹ̀gùn kan tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá gùn ún tán, ojú á tì í láti ná ọjà. Àmọ́ èéfín ilé iṣẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ wó o kí wọ́n lè ríbi gbé ọkọ̀ sí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

Hetty Sugden ti ká aṣọ níbẹ̀ láti ọmọge títí orí rẹ̀ fi funfun. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Bí wọ́n bá wó o, kò sí ibòmíì tó ti lè máa gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo ilé náà kẹ́yìn kí wọ́n tó dìbò, Hetty gbé korobá àti búrọ́ọ̀ṣì.

“Hetty, ṣé orí ẹ pé báyìí?” Doris aládùúgbò rẹ̀ bi í. “Ilé tí wọ́n fẹ́ wó lo fẹ́ fọ̀?”

“Àlejò ń bọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àbí ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?”

Doris pòṣé, ó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀. Ní àdúgbò wọn, obìnrin tí kò bá fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Jímọ̀ ti di ẹni à ń sọ. Kò pẹ́ táwọn obìnrin fi kún ibẹ̀, wọ́n ń ha àtẹ̀gùn, wọ́n ń ha òpó débi tọ́wọ́ wọn dé. Omi dúdú ń ṣàn, òkúta tó yọ lábẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí oyin. Hetty lanu. Gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀, kò mọ àwọ̀ ilé náà rí.

Ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀gbẹ́ni Clough, alága wọn, gbẹ́sẹ̀ sókè.

“Ẹ dúró ńbẹ̀!” Hetty pariwo. “Omi ò tíì gbẹ! Ṣé ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lẹ fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Clough náà, ó sì ti jẹ ìgbátí ìyá rẹ̀ lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ó yára fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Ẹ má bínú, Màmá.”

Wọ́n bá dúró kó gbẹ. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ń wo ilé. Wọ́n wo òpó, wọ́n wo orí àgùntàn.

“Ṣé òkúta yìí ló wà lábẹ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí?” ni Clough bi í.

“Àwa náà ò mọ̀.” Hetty kọjú sí gbogbo wọn. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé yìí rẹwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wó o.”

Clough bọ́ kóòtù, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Hetty.

“Alága, kí lẹ̀ ń ṣe?” ni ọ̀kan nínú wọn sọ wúyẹ́wúyẹ́. “A ò tíì dìbò o.”

“Mo ti di tèmi,” ni Clough wí, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi.