Ẹni tí Ameer Yàn nínú Bàálù

Táòfíkì kò tíì fojú kan ọmọ rẹ̀ rí. Manchester ló wà, tó ń fọ ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, nígbà tí Azeemah ìyàwó rẹ̀ bí Ameer sí Ìlọrin. Inú fọ́tò ló ti ń rí i. Nígbà tí físà ìyá àtọmọ fi jáde lọ́dún 2011, ọmọ ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ti ń rákòrò, ó sì ti mọ ẹni tó fẹ́ àtẹni tí kò fẹ́.

Azeemah kò wọ bàálù rí. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó dì ló dì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ lè sunkún láti Èkó títí dé orí aṣálẹ̀.

Ẹni tó jókòó tì í ń jẹ́ Reuben, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbé Moss Side ní Manchester, tó sì ń wa bọ́ọ̀sì ní Princess Road. Ó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ni, oorun nìkan ló sì ń wá. Bó ṣe rí ọmọ, ó pe òṣìṣẹ́ bàálù, ó béèrè bóyá àga mìíràn wà. Obìnrin náà ní gbogbo rẹ̀ ti kún. Reuben fi nǹkan dí etí, ó sì fa fìlà bojú.

Bàálù kò tíì gbéra tí Ameer fi bẹ̀rẹ̀. Azeemah fún un lọ́mú, kò gbà. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín àga, igbe náà ń bá a kiri. Màmá kan ní inú ló ń run ún. Òmíràn ní etí ni. Áfáà kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ọmọ. Arábìnrin kan lápá kejì náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórúkọ Jésù, ni àwọn méjèèjì bá ń gbóhùn sókè ju ara wọn lọ. Ameer borí wọn.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n Azeemah. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni ọkùnrin tó fi fìlà bojú.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé e díẹ̀. Mò ń bọ̀ báyìí.”

Kí Reuben tó rí ohun tó máa sọ, ọmọ ti wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e jìnnà sára bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná.

“Ṣe sùúrù,” ó sọ fún un, bó ṣe máa ń bá èrò inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Gbogbo wa la jọ máa débẹ̀.”

Ameer dákẹ́. Ó wò ó, ó di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó gbé orí lé e láyà, ó sùn.

Nígbà tí Azeemah dé, ó nawọ́ láti gba ọmọ. Ameer lajú, ó figbe ta. Azeemah fa ọwọ́ sẹ́yìn, ọmọ dákẹ́. Gbogbo èrò tó yí wọn ká ń wo Azeemah bí ẹni tó fẹ́ ba ìlú jẹ́.

“Fi í sílẹ̀,” ni Reuben wí.

“Ó máa dà yín láàmú, sà.”

“Ó ti dà mí láàmú tán. Fi í sílẹ̀.”

Nígbà tí oúnjẹ dé, Azeemah bá Reuben gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, ọwọ́ òsì ló sì fi jẹ ẹ́, nítorí apá ọ̀tún wà lábẹ́ orí ọmọ. Ní Amsterdam, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ bàálù, Azeemah tún gbìyànjú láti gbà á. Igbe tí ọmọ ké pọ̀ débi pé ọlọ́pàá kan dúró wò wọ́n. Reuben ló tún gbé e.

Báyìí ni wọ́n ṣe jáde ní Manchester: Reuben ṣíwájú, ọmọ láyà rẹ̀, ìlédìí ọmọ léjìká rẹ̀, Azeemah ń ti ẹrù bọ̀ lẹ́yìn. Ọlábísí, ìyàwó Reuben, ló kọ́kọ́ rí wọn.

“Bàbá Ìtẹ́, ẹ káàbọ̀,” ó wí jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é. “Ìsìnkú lẹ ní ẹ lọ ṣe.”

“Ìsìnkú náà ni mo ṣe.”

“Ọmọ yìí ńkọ́?”

“Ọmọ ẹni kan ni.”

“Mo rí i pé ọmọ ẹni kan ni.”

Ibẹ̀ ni Táòfíkì ti sáré dé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó gbé ọmọ rẹ̀.

“Azeemah, ta ni bàbá yìí?”

Azeemah bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìbànújẹ́ rárá, àìsùn ni.

“Ṣé ìwọ ni bàbá rẹ̀?” ni Reuben bi í. “Ọlọ́run ló rán ẹ. Gbà á. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí láti Amsterdam.”

Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì sáré lọ. Ameer figbe ta, ó ń jà bí ẹni tí wọ́n jí gbé, gbogbo èèyàn sì yíjú sí wọn. Omi bọ́ lójú Táòfíkì. Azeemah rọra ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Ọlábísí ṣe ń gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọkùnrin yẹn,” ó wí. “Kò gbé ọ̀kan pẹ́ rí. Ó ní wọ́n á já bọ́ lọ́wọ́ òun.”

Nígbà tí Reuben padà dé, Ọlábísí tọ́ka sí ọmọ. “Ẹ wá gbà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọmọ gbé.”

Reuben gbà á, igbe sì dáwọ́ dúró; kò sí bí wọ́n ṣe lè pínyà mọ́. Gbogbo wọn wọ táksí kan náà lọ sí ilé Táòfíkì ní Longsight, ọmọ láyà Reuben. Nígbà tí wọ́n dé Stockport Road, Reuben sọ fún ìyàwó rẹ̀ láìwò ó pé, “Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí nígbà tí àwọn tiwa wà ní kékeré.”

“Ó ń ba èmi náà,” ni Ọlábísí wí.

Nínú ilé, Reuben ní kí Táòfíkì jókòó. “Má pè é. Má rẹ́rìn-ín sí i. Kàn jókòó.” Ó rọra gbé ọmọ tó ń sùn lé e láyà. Apá Táòfíkì kú tipiri, síbẹ̀ kò mira.

Nígbà tó pẹ́, Ameer lajú. Ó wo ojú tó wà lókè rẹ̀ títí, ó sì di imú Táòfíkì mú. Gbogbo ilé ń dúró de igbe. Igbe kò wá.

Ọlábísí gbé báàgì, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́.

“Bàbá Ìtẹ́,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ jẹ́ ká máa lọ kó tó rí yín.”