Ọpẹ́ Ìwòsàn Dọlápọ̀sí

"Bàbá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kejì ti lù. Ẹ wọṣọ."

Alàgbà Oyèwùmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìlọ́bù, ó ń wo ilẹ̀. Irewọlé, ọmọ rẹ̀, dúró tì í. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lọ́dún 1996 ló lé e wálé láti yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ fìlọ́sọ́fì.

Dọlápọ̀sí, àbúrò Irewọlé, ti kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló lọ sin ín, torí bàbá kì í rí sàréè ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí àìsàn náà le, Alàgbà ti ru iṣu mẹ́wàá lọ síwájú pẹpẹ, ó dúpẹ́ ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ẹni tó bá gbàgbọ́ kì í dúró de ẹ̀rí kó tó dúpẹ́. Gbogbo ìjọ ló bá a jó. Ta ni yóò wá bá a gba ọpẹ́ yẹn padà?

Ọdún mẹ́ta ni bàbá àtọmọ ti ń jiyàn. Irewọlé a ní, "Bí Ọlọ́run bá lágbára, tó sì láàánú, kí ló dé tí ọmọdé fi ń jẹ̀rora?" Bàbá a rẹ́rìn-ín: "Èèrà mélòó ló mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè?" Inú a bí Irewọlé, àmọ́ ó fẹ́ràn iyàn náà ju oúnjẹ lọ.

"Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń retí yín," ó ní.

"Kí ni kí n kọ́ wọn?"

"Ohun tí ẹ máa ń kọ́ wọn náà ni, sà."

Alàgbà gbójú sókè. "Irewọlé, mo ti ro ìbéèrè rẹ yẹn. Òótọ́ lo sọ. Mi ò ní èsì."

Irewọlé ti máa ń rò pé inú òun yóò dùn lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù ló bà á. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Bàbá, ẹ má gbà fún mi. Ìwé lásán ni mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

"Dìde, ọmọ mi."

Bàbá mú ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ, ohun tí kò ṣe rí lọ́jọ́ ìsinmi láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi.

Irewọlé gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Adérónkẹ́, akọ̀wé ìjọ, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Alàgbà ńkọ́?"

"Ara wọn ò yá díẹ̀ ni, mà. Wọ́n á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́.