Igi Àjà Ilé Bàbá

Gbogbo igi tó wà lára pèpéle yẹn ni Ládòkun fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ní ọjà pákó Ṣakí, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kọ́láwọlé, ló kọ́lé sétí àpáta, tó wá ní òun fẹ́ pèpéle onípákó lẹ́yìn ilé, èyí tí yóò yọ sórí kòtò, kí òun máa gba atẹ́gùn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ládòkun kì í ṣe káfíńtà tó ń fi igi ṣeré. Ó ra igi apá fún òpó, ó ra ìrókò fún pákó ìtẹ́lẹ̀. Igi tí òjò àti oòrùn yóò jọ máa nà kì í ṣe arère. Ẹni tó bá fi arère ṣe é, àsè ló ń sè fún ikán.

Ó ku igi ìdábùú tí yóò gbé àárín pèpéle dúró, ni Kọ́láwọlé bá gbé tirẹ̀ dé. Inú àjà ilé bàbá wọn tó wó ló ti yọ ọ́. Ó sì ti fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù kùn ún látòkè délẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe nítorí ikán. Kò sẹ́ni tó lè rí àwọ̀ igi náà mọ́.

Ládòkun fi òòlù kàn án. Ó dún bí akèrègbè òfìfo.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wá òmíràn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Igi tó gbé àjà dúró lórí bàbá rẹ títí tó fi kú, òun lo fẹ́ jù nù? Àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé ó gún, Ládòkun.”

Ládòkun gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀, ó sì ń kábàámọ̀ bó ṣe ń kan ìṣó. Ó kàn bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí èrò má pọ̀ níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ìṣílé, àkókò ìrun alaasari tó, Kọ́láwọlé bá ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sórí pèpéle. Àwọn ọkùnrin tò síwájú, àwọn obìnrin tò sẹ́yìn. Àwáwù, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, ló dúró sí àárín gan-an, lórí igi yẹn.

Wọ́n jọ forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan han lábẹ́ wọn, kẹ̀ẹ̀. Ẹni tó ń kírun kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ládòkun fò dìde.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀! Igi ń ya!”

Gbogbo wọn tú jáde. Kọ́láwọlé nìkan ló padà gùn ún. Ó fò sókè, ó fẹsẹ̀ méjèèjì janlẹ̀. Pèpéle ò mì.

“Ṣé ẹ rí i? Ìlara ló ń dà á láàmú.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àáfà tó ń ṣíwájú wọn ní kí wọ́n tún ìrun bẹ̀rẹ̀. Ládòkun di ìyá rẹ̀ lápá mú.

“Ìyá, ẹ má gun ibẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ yín.”

“Ọmọ mi, tí mo bá dúró nílẹ̀, wọ́n á ní mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì.” Ó rọra gba apá rẹ̀, ó gòkè lọ.

Ládòkun sáré gba inú kòtò bọ́ sábẹ́ pèpéle. Igi náà ti ya láti ìsàlẹ̀, ìyẹ̀fun tí ikán jẹ kù sì ń dà jáde nínú rẹ̀. Ó wò yíká, kò rí igi mìíràn kankan tó lè fi tì í. Ó gun òkúta kan, ó fi èjìká ara rẹ̀ tì í.

Lókè, Àáfà pe “Allahu Akbar.” Wọ́n tẹ̀, wọ́n nàró, wọ́n sì jọ lọ sílẹ̀. Ó gbọ́ bí orúnkún ìyá rẹ̀ ṣe kan pákó lókè orí rẹ̀ gan-an, ìwúwo gbogbo ẹbí sì bọ́ lé e léjìká. Igi náà tún han. Ìyẹ̀fun kún ojú rẹ̀, kò sì lọ́wọ́ tó lè fi nù ún.

Ráká mẹ́rin ni alaasari, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì ń kí.