Ilẹ̀kùn Kẹta

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Ẹfúnwùmí sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù akérò, níwájú ilé Zacharie ní Adja-Ouèrè. Láti Oko-Akarè ló ti ń bọ̀. Eruku ọ̀nà ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa, ṣùgbọ́n aṣọ tó ró mọ́ tónítóní, ó sì wé gèlè bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ìgò epo pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ọmọ mi ti dé inú ẹ̀rọ náà?"

"Ó di aago méjìlá, Màmá. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń jẹ́ kó sinmi. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́, ni gbogbo ìlú ń pe Zacharie. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Solange, ọmọ Ẹfúnwùmí, sì wà lára àwọn tó mọ ìwé kà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò ìgbéyàwó, ìsàmì àti ìsìnkú fún àwọn ará Adja-Ouèrè, Tatonnonkon àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Nígbà tí fídíò pọ̀ jù, ó wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan rà, ó kó gbogbo rẹ̀ sí i, ó gbé e sábẹ́ tábìlì ní pálọ̀, kì í sì í pa á. Sẹ́fà ló ń pè é. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan bí ẹni tó ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀la sílẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ilé náà lè mú fóònù rẹ̀, kó tẹ àdírẹ́sì kan, kó sì máa wo fíìmù tó bá wù ú.

Oṣù tó kọjá ni Fádáre, ọkọ Ẹfúnwùmí, kú. Libreville ni Solange wà, ó ń se oúnjẹ fún ìdílé kan níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, kò lè jáde nílùú. Wọ́n sin bàbá rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Zacharie ló ya fíìmù ìsìnkú náà, wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Àwọn ará ilé sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti máa wò ó, torí ìṣe ìdílé wọn wà nínú rẹ̀. Zacharie rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní inú ilé òun ni fíìmù náà á wà, Solange á sì máa wò ó láti Libreville bí ẹni tó jókòó ní pálọ̀ òun. Ojú gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti sọ ọ́. Ó sì ti dán an wò kó tó sọ ọ́: ó mú fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, fíìmù náà sì ṣí. Kò rò ó pé ẹ̀yìnkùlé ilé ara rẹ̀ ni òun ṣì wà.

Àná ló tó mọ̀. Solange tẹ àdírẹ́sì tó fi ránṣẹ́ sí i, kò rí nǹkan kan. Zacharie tún ìwé kékeré rẹ̀ kà, ó sì tẹ̀lé wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ara sẹ́fà, wáyà lọ sínú rúútà tirẹ̀, àpótí kékeré tó ń pín Íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ibẹ̀, wáyà mìíràn gba ojú fèrèsé jáde, ó fo ògiri, ó wọ ilé Judicaël aládùúgbò rẹ̀, tó ń ta símẹ́ńtì àti páànù. Rúútà tí ilé-iṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì gbé wá wà lọ́hùn-ún. Lára rẹ̀ ni Zacharie ti ń fà. Rúútà méjì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà méjì. Zacharie ti sọ fún tirẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ilẹ̀kùn 8096, kó mú un dé ọ̀dọ̀ sẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ti Judicaël, níbẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ti ń padà.

Ó tan tẹlifíṣọ̀n fún Ẹfúnwùmí, ó ní kó dúró de òun díẹ̀, ó sì rìn yí ògiri ká. Murielle, ìyàwó Judicaël, ló bá nílé, tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Judicaël ti lọ sí Porto-Novo láti àná," ni Murielle wí. "Rúútà náà nìyẹn lókè. Èmi kì í fọwọ́ kàn án, Mẹ́tìrì. Ọjọ́ tí mo nu eruku ara rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta la fi jà."

Ibi tí wọ́n kọ kóòdù sí lára rúútà náà ti pa rẹ́. Zacharie pe Judicaël lórí fóònù.

"Ilẹ̀kùn wo lẹ fẹ́ ṣí?" Ariwo ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ohùn Judicaël. "Mẹ́tìrì, kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi wà lórí rúútà yẹn. Ta lẹ fẹ́ ṣí i fún?"

"Ẹyọ ẹnì kan. Ọmọ Fádáre ti Oko-Akarè. Ọ̀dọ̀ sẹ́fà mi nìkan ló máa dé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹyọ ẹnì kan ló máa wá?"

Ìbéèrè gidi ni, Zacharie fúnra rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. "Mo ti fi kóòdù sí ẹnu sẹ́fà," ló wí. "Tó bá ti wo fíìmù náà tán, màá tì í padà. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sílé mi yìí, Judicaël."

Judicaël mí kanlẹ̀. Ó ní òun á pè padà. Ó ju wákàtí kan lọ kó tó pè. Ó sọ kóòdù náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Zacharie ń tún un pè lẹ́yìn rẹ̀, Murielle sì dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró, ó ń fetí sílẹ̀, torí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Zacharie kọ ohun tó yẹ sínú rúútà náà, ó sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ìgbésẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni Solange pè.

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi."

"Ó ń yí, Mẹ́tìrì."

"Ṣe sùúrù fún un."

"Ó ṣì ń yí… Ó ti kọ nǹkan síbẹ̀ báyìí. *Délai dépassé*."

Ìyẹn ni pé ó ti kan ilẹ̀kùn títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Zacharie tún nọ́ńbà rúútà méjèèjì yẹ̀ wò. Ó wo àdírẹ́sì sẹ́fà bóyá ó ti yí padà. Kò yí padà. Ó pa ohun tó ń ṣọ́ ẹnu sẹ́fà fúnra rẹ̀. Ó ní kí Murielle pa rúútà tọ̀hún kó sì tún un tàn, Murielle sì pariwo láti orí ògiri pé, "Ó ti tàn o, Mẹ́tìrì!" Solange tún tẹ̀ ẹ́. *Délai dépassé*. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo àkókò yìí, Ẹfúnwùmí jókòó ṣinṣin sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí Zacharie dá fíìmù náà dúró sí níbẹ̀rẹ̀: ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Oko-Akarè, àti èrò.

Lẹ́yìn náà ni Zacharie rántí ohun kan tó wà lójú ewé ìkẹyìn ìwé rẹ̀. Ó wo àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì fún rúútà Judicaël: nọ́ńbà 100 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tún wo àdírẹ́sì tí àwọn tó wà níta ń rí: 41 ni tiyẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní rúútà Judicaël ni ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn lóòótọ́, ọ̀kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ìbá jẹ́. Ilẹ̀kùn kẹta wà níwájú. Inú ilé-iṣẹ́ náà gan-an ló wà, gbogbo oníbàárà wọn sì ń gba ibẹ̀ jáde pọ̀.

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a dúró, ó pẹ́. Ohùn obìnrin kan wá dá a lóhùn lédè Faransé, ohùn tútù.

"Àwọn oníbàárà wa ló jọ ń lo àdírẹ́sì yẹn, mùsíé. A kì í ṣí i fún ẹnì kan."

"Ṣé mi ò lè béèrè tèmi?"

"Àwọn iléeṣẹ́ ńlá nìkan ló ń gbà á. Kò sì tíì dé agbègbè yín."

"Ta ni mo wá lè bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi náà lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí, mùsíé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti kà á níbì kan pé èèyàn lè háyà kọ̀ǹpútà kan ní ilẹ̀ òkèèrè kó sì gba ibẹ̀ yí po, ṣùgbọ́n káàdì báńkì tí wọ́n ń gbà fún un, kò ní irú rẹ̀. Ó ti gé fíìmù náà wẹ́wẹ́ rí láti fi ránṣẹ́ lórí Wasápù; ìṣẹ́jú méjì péré ló lọ, ìyókù há sọ́nà.

"Mẹ́tìrì," ni Ẹfúnwùmí wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé Solange ni kò fẹ́ wò ó?"

"Rárá, Màmá! Ó fẹ́ wò ó. Ilẹ̀kùn kan ló tì. Mo ṣí tèmi, mo ṣí ti Judicaël. Òmíràn tún wà níwájú tí kì í ṣe tiwa."

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́. Mo gbé epo wá."

Zacharie wo ìgò epo náà lórí tábìlì. "A ò mọ̀ wọ́n, Màmá. Cotonou ni wọ́n wà. Èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ sì ní kò sí lọ́wọ́ òun."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò jọ pé ó gbà á gbọ́, kò sì jọ pé ó fẹ́ jiyàn.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí Solange padà sẹ́nu iṣẹ́. Zacharie ní kó pe òun ní fídíò, ó sì gbé fóònù náà síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ní Libreville, àwòrán ń dì, ó ń já, ohùn ń wá lẹ́yìn àwòrán.

"Fádèyí àbúrò mi nìyẹn, àbí?" ni Solange béèrè. "Ẹ dá a padà, Mẹ́tìrì. Ó dì mọ́ mi lójú."

Ó dá a padà. Ó tún dì. Ẹfúnwùmí dìde, ó fẹnu sún mọ́ fóònù náà. "Solange, ṣé o rí wa? Ṣé o rí bí èrò ṣe pọ̀ tó?"

"Ẹsẹ̀ èèyàn ni mo ń rí, Ìyá mi. Mi ò rí Bàbá." Ẹnì kan ń pe Solange lẹ́yìn. "Mò ń bọ̀ o! Ìyá mi, wọ́n ń pè mí. Ẹ má sunkún. Mẹ́tìrì, ẹ ṣeun."

Fóònù já. Ẹfúnwùmí kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní kí Zacharie bá òun pe zémìjàn. Zacharie ní kó gbé epo rẹ̀ padà, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ti àárọ̀ jókòó ti iṣẹ́ kò yẹ kó jẹ ọbẹ̀ láìsí epo.

Ní ìrọ̀lẹ́, Zacharie lọ pa ohun tó kọ sínú rúútà Judicaël rẹ́, torí ó ti ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kẹrin, Solange fi ohùn ránṣẹ́ sí i. "Mẹ́tìrì, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Ẹyọ nǹkan kan ni mo fẹ́ mọ̀. Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún Bàbá?"

Inú Zacharie dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà wá. Ìbéèrè tí òun lè dáhùn nìyí. Ó jókòó, ó sì wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí kò tíì ṣe rí. Ó rí èrò, ó rí ìkòkò oúnjẹ, ó rí àwọn ọmọdé tó ń ju ọwọ́ sí kámẹ́rà. Lẹ́yìn wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú, àgbàlagbà kan nínú ìdílé náà na àtẹ́lẹwọ́ síwájú kámẹ́rà. Àwòrán náà wálẹ̀, ó di iyẹ̀pẹ̀, ó já. Nígbà tó tún tàn, wọ́n ti bo ilẹ̀. Zacharie dá a padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí: òun fúnra rẹ̀ ló pa kámẹ́rà, torí wọ́n ní kó pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun zémìjàn lọ sí Oko-Akarè. Ó bá Ẹfúnwùmí níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ó sì sọ ohun tí Solange béèrè fún un.

"Funfun ni wọ́n ní," ni ìyá náà dáhùn.

"Wọ́n ní? Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni, Màmá?"

"Obìnrin kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ fún òkú nílé tiwa. Ìta la wà. Fádèyí ló wà nínú yàrá, ó sì ti sọdá sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́. Fóònù rẹ̀ kì í lọ." Ó ju ẹ̀gẹ́ tó bó sínú abọ́. "Ẹ sọ fún un pé funfun ni."

Zacharie rìn lọ síbi igi máńgòrò, níbi tí fóònù ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tẹ fóònù láti fi ohùn ránṣẹ́ sí Solange. Ó lè sọ pé funfun ni, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohun tó sọ ni pé, "Solange, funfun ni wọ́n ní. Ìyá rẹ kò rí i. Kámẹ́rà mi kò rí i. Má bínú, ọmọ mi."

Ó dúró títí èsì fi dé. Ariwo abọ́ àti omi tó ń ṣàn ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ohùn Solange.

"Ó dáa, Mẹ́tìrì. Ẹ ṣeun."

Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀. Kò kù. Ó ki fóònù bọ àpò, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń retí zémìjàn tó máa gbé e padà sílé.