Ṣé Ẹ Wà Ńbẹ̀?

Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a ka ìwé sókè, kí a gba ohùn náà sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Ẹni tó bá ń wá ariwo, kó gba ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi débẹ̀. Òun ń kàwé nínú yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà, yàrá iwájú ni mo sì ń jókòó sí, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti ń bi mí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, tí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun ọ̀sán, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa ka ìtàn sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Àwọn ìtàn wọ̀nyẹn ni mo ń mú wálé nínú fóònù mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ọmọ náà kì í sùn bí kò bá gbọ́ ọ̀kan. Bí ìyá rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín nínú fóònù, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò kó gbogbo wọn wálé lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni mò ń ṣún wọn jẹ, torí ẹ̀rù ọjọ́ tí wọ́n máa tán ń bà mí.

Inú Àká ni gbogbo ohùn wọ̀nyí wà. Àká ni a ń pe ẹ̀rọ ìpamọ́ tó ń kùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ nìkan la ń kó wọn sí. Wáyà ló so kọ̀ǹpútà yàrá kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń fún Àká ní orúkọ àti nọ́ńbà tó wù ú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nínú ẹbí wa, ẹnìkan ń pè mí ní àǹtí, ẹnìkan ń pè mí ní àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Mọ́mì Kékeré, èmi kan náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà nìkan lo fẹ́ wò, o ò ní mọ̀ bóyá Àká kan ni yàrá méjì ń rí àbí Àká méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá ọgbọ́n tí à ń lò sílẹ̀. Ẹnìkan á jókòó sí yàrá kan, á fi ohùn kékeré sínú Àká pé, "Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Ẹni tó wà ní yàrá kejì á wá a. Bó bá rí i, òun náà á fi èsì síbẹ̀ pé, "Mo wà ńbí. Máa bọ̀." A jẹ́ pé Àká kan náà ni, ẹni tó pè lè dìde kó máa bọ̀, iṣẹ́ ti parí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la sábà máa ń ṣe é. Á fa "máa bọ̀" yẹn gùn bí ẹni ń pe ọmọ wálé láti ibi eré, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀gá wa, Ó-yá-ó-yá là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí kì í kán an lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àká fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu. Ó ní kí n ṣí yàrá ìparí, kí ẹlòmíràn lè máa lò ó. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, mi ò tíì ṣí i. Kódà mi ò pa kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà á. Inú yàrá náà tutù ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Àga ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ tábìlì ni mo yí i kọjú sí nígbà tí mo ń tilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni.

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì kan, ojú kọ̀ǹpútà tàn.

"Ṣé o rí i? Àká mìíràn nìyí! Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, àwọn ìwé kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. À ń tọ́jú ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì! Ó yá, ká pa eléyìí rẹ́, ká ráyè kó ìwé tuntun sí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó lè jẹ́ Àká kan náà. Tó bá jẹ́ òun ni, tí ẹ bá pa á rẹ́ níbí, ó ti parẹ́ níbi gbogbo nìyẹn."

"Lọ dán an wò nígbà náà. Ó yá, ó yá!"

Mo lọ sí yàrá iwájú, mo gbé ẹnu sí máíkì. "Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Mo padà sí yàrá ìparí, èmi àti ọ̀gá jọ wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìpè mi ò sí níbẹ̀.

"Àká méjì ni," ó ní. "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí n jẹun tán, màá wá pa á rẹ́ fúnra mi."

Mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn náà, mo padà sídìí iṣẹ́ mi, ara mi ò lélẹ̀. Mo ní kí n yọ ìpè mi kúrò nínú Àká, kó má gba àyè. Ni mo bá rí ohùn mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohùn tó bá wọ Àká ló máa ń ní àmì yàrá tó ti wá. Yàrá ìparí ló wà lára eléyìí. Mo wo ọwọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ṣì wà níbẹ̀. Mo tẹ ohùn náà.

"Mo wà ńbí."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ta ni kò ní mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí n tó ráyè bẹ̀rù pàápàá, ni pé èsì ti dé, Àká kan náà ni, ọ̀gá sì ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Mo ki eré mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ó-yá-ó-yá ti wà lórí àga, ìka rẹ̀ ń bọ̀ lórí bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà ń bi í pé ṣé ó dá a lójú.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mi ò tíì jókòó dáadáa!"

Mo na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, mo pa Àká dé lórí kọ̀ǹpútà yẹn, mo tún un ṣí. Ìpè mi yọ, èsì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí a ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dìde níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ò tíì tún inú Àká wò. Bí Àká ṣe rí nígbà ayé rẹ̀ ló ń fi hàn wá, àwa náà sì gbà á gbọ́.

Ọ̀gá rọra gbé ọwọ́ kúrò. "Mi ò bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́," ló ń sọ. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi. "Ta ló dá ẹ lóhùn?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni, sà?"

"Kí ni màá fi dáhùn?"

Ó nawọ́ sí ọ̀pá tí máíkì máa ń wà lórí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé ọjọ́ tí mo ti yàrá náà pa ni wọ́n ti yọ ọ́, pé òun gan-an ni wọ́n gbé fún mi ní yàrá iwájú. Máíkì ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi pè é. Ọ̀gá jáde, ó sì ń rọra rìn.

Mo jókòó sórí àga náà. Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé "mo wà ńbí." Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tó ti lọ, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ká ní ó pè mí ni, mi ò bá ti dìde tẹ̀ lé e. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí àga tí mo jókòó lé ṣe dún nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dún tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ̀yìn tì.

"Mo wà ńbí," ó ní. Ó mí kanlẹ̀. "Má tíì bọ̀ o. Ọmọ ń dúró dè ẹ́ nílé."

Mo gbé àpò mi. Mi ò dúró kí iṣẹ́ parí.