Omi Inú Táńkì

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nílé, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú táńkì rẹ̀ yó. Á ké, á yó, á dákẹ́ bí ọmọ ọwọ́ tó mu ọmú tán. Ní báyìí, ó lè ké fún ìdajì wákàtí kó má yó. Obìnrin náà á di ìbọn ọ̀dà mú, á máa wo ọwọ́ aago tó ń ka afẹ́fẹ́, bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà de ẹni tí kò dé.

Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fọ́n ọ̀dà sára ilẹ̀kùn àti àga nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré olójú fèrèsé méjì. Oṣù mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ọkọ rí iṣẹ́ nílùú tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ojú omi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó rọra gbá táńkì náà lẹ́yìn, ó ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀rọ wa o. Bí mo bá dé tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀, màá mọ̀ pé ilé mi ṣì wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni obìnrin náà ń jẹ, òun ló ń mu. Lákọ̀ọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni ọkọ ń pè é. Ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá di pé nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, oṣù márùn-ún rèé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì ń dún. Tí ẹ̀rọ bá ṣì ń dún, ilé ṣì wà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, káfíńtà ìsàlẹ̀ òpópónà ru ilẹ̀kùn kan padà wá.

"Ìyàwó, wo ojú ilẹ̀kùn yìí. Ṣé ọ̀dà lo fọ́n sí i, àbí ìléròrò ló mú un?"

Ọlọ́dà wò ó. Ihò wínníwínní ló kún ara ọ̀dà náà bí ojú ẹja. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òtútù ló fà á."

"Òtútù wo? Àwa tá à ń làágùn yìí! Omi àti òróró ni ẹ̀rọ ẹ ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ikọ́ tó ń wú yẹn, a ń gbọ́ ọ lójú títì. Lánàá, ìyá àgbà òdìkejì ní ṣé kí òun fi oògùn ikọ́ ránṣẹ́ sí i!"

Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. "Màá pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀."

"Bẹ́líìtì tó o ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta? Ìyàwó, pé a lẹ aṣọ ò sọ ọ́ di tuntun. Pe Bàbá Etí wá wò ó. Tí ilẹ̀kùn míì bá tún rí báyìí, ibòmíì ni màá máa gbé tèmi lọ."

Bàbá Etí ni àgbà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kì í mú sípánà kó tó gbé etí lé ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́tí, ó mirí, ó pa iná ẹ̀rọ. Ó po ọṣẹ, ó fi pa gbogbo oríkèé páìpù: kò hó. Ó fi pa ikùn táńkì lábẹ́: ọṣẹ hó yẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Ó wá fi ìdí sípánà kàn án. Lókè, irin dún gbọ̀n-ìn. Nísàlẹ̀, ó dún pọ̀, bí páálí tó rin.

"Orí ẹ̀rọ yìí ṣì ṣeé tún ṣe," ni bàbá wí. "Àwọn òrùka inú ẹ̀ ló jẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òróró bá afẹ́fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n táńkì yìí ti parí, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá wa fi iná jó o pọ̀, bàbá."

"Wọn kì í jó táńkì tí ìpẹtà ti jẹ láti inú. Tá a bá lẹ ibí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á bẹ́. Tó bá sì máa bẹ́, kò ní kọ lẹ́tà sí ẹ." Ó nàka sí ẹ̀rọ omi kékeré kan tí wọ́n ń yí ṣí lábẹ́ táńkì. "Afẹ́fẹ́ tó ń gbé mì, omi wà nínú ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ká máa ṣí ibí kó jáde. Ta ló ń ṣí i?"

"Ọkọ mi ni."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ wí.

"Ọkọ ẹ tó lọ nígbà wo?"

Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ omi náà. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìyí: òun á fọ ìbọn ọ̀dà, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ṣí ẹ̀rọ omi náà, afẹ́fẹ́ á dún ṣììì, ọkọ á sì wí fún táńkì pé, "Ó dàárọ̀ o." Látìgbà tó ti lọ, obìnrin náà ń fọ ìbọn rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á tilẹ̀kùn, á relé. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó fi í sílẹ̀ de ọkọ ni, bí ẹni bu oúnjẹ sílẹ̀ de ará ilé tó pẹ́ lóde.

"Mi ò fẹ́ gbaṣẹ́ ẹ̀ ṣe, bàbá," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bàsíà síbẹ̀, ó ní, "Ìwọ gan-an ni kó ṣí i."

Ẹ̀rọ omi náà ti há. Sípánà ni wọ́n fi ṣí i. Omi pupa bí tíì tó ki tú jáde, ó kún bàsíà, wọ́n da á nù, ó tún kún un. Omi oṣù mẹ́rìndínlógún. Obìnrin náà ń wò ó, ó yé e wàyí pé kì í ṣe ogbó ló pa ẹ̀rọ yìí. Ìdúró-dè-ọkọ ló jẹ ẹ́ láti inú.

Nígbà tí bàbá fẹ́ lu táńkì náà ní ihò kí ẹlòmíì má baà lò ó, Ọlọ́dà di apá rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Rárá o, ọmọ mi. Kó má baà pa wá."

Ó fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Ihò náà kò ju ojú ẹyọ àgbàdo kan lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun ilẹ̀kùn nínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́ rọ́rọ́, kí wọ́n tó gbé orí ẹ̀rọ tí bàbá ti tún ṣe lé táńkì tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yó. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó tinrín, ó mọ́. Bí ọkọ bá tilẹ̀ gba òpópónà yẹn kọjá, kò ní mọ̀ ọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọ ìbọn ọ̀dà, ó gbé e kọ́. Ó dúró díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ṣììì. Omi kán sí i níka, ó mọ́ gaara. Ó tẹ́tí, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.

"Ó dàárọ̀ o," ló wí fúnra rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́.